Ṣé àwọ̀ ara mi ni wọ́n ń pè ní “zwart”?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Oṣù kẹrin mi rèé ní Rotterdam, ọ́fíìsì ni mò ń bá wọn gbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi ẹnìkejì rẹ̀ bóyá “zwart” ni mò ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé dúdú ni “zwart” lédè Dutch. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn. Ṣé àwọ̀ ara mi ló ń bú ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi náà gbọ́ ọ lọ́dún tí mo dé Nẹ́dálándì, n ò sì sùn lóru ọjọ́ náà. Àmọ́ kì í ṣe ara yín ló ń sọ.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tí ìjọba ò mọ̀ sí, tí wọ́n ń ka owó lé lọ́wọ́ láìsan owó orí, ni wọ́n ń pè ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ “zwart”. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láìsanwó, “zwartrijden” ló ṣe, ì báà funfun bí ẹfun. Ẹni tó bá sì ń sọ owó ẹ̀ṣẹ̀ di owó gidi, “witwassen” ni tirẹ̀: ó ń fọ owó náà di funfun.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè ọkùnrin yẹn nídìí. Ṣé wọ́n ń fún yín ní “loonstrook”, ìwé tó ń fi owó oṣù àti owó orí yín hàn? Lábẹ́ òfin ibẹ̀, bí òṣìṣẹ́ bá ṣàìsàn, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa san ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 owó rẹ̀ títí di ọdún 2. Láìsí ìwé, kí lẹ fẹ́ fi gbà á?

Ọ̀rọ̀ àpò owó pọ̀ nínú àwọ̀ wọn. Bí owó yín ní báǹkì bá ti wọ gbèsè, ẹ “rood staan” nìyẹn, ẹ dúró sínú pupa. Àpò lẹ́tà aláwọ̀ búlúù, “blauwe envelop”, ọ́fíìsì owó orí ló ti ń wá. Ẹ má ṣe bíi tèmi o! Mo rò pé ìpolówó ọjà ni, mo jù ú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Àṣé wọ́n ní kí n kọ ìwé owó orí mi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ, ẹnu ìyá arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ bàjẹ́, mo ní kó ra tuntun, ó mirí: “Dat kan Bruin niet trekken.” Bruin ò lè fà á. Mo bi í pé ta ni Bruin. Ẹṣin ni! Ẹṣin aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù láyé àtijọ́, tí wọ́n ń fi àwọ̀ rẹ̀ pè é. Bí ẹrù bá ti ju agbára ẹṣin lọ, owó ò ká a nìyẹn.

Lọ́la, ẹ béèrè “loonstrook” yín lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí ó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, tí ọkùnrin yẹn sì tún béèrè, ẹ dá a lóhùn pé: “Nee, ik werk wit.” Rárá o, funfun ni mò ń ṣiṣẹ́.