Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi fi ń béèrè ọjọ́ àti aago, tí kì í wọlé sí Windows, ní gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ?

Bátìrì kékeré roboto tó wà lórí motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹ̀yà yòókù so mọ́) ló ti kú. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà tọ́jú aago àti ètò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí kò bá síná. Ní Èkó tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ yìí, kíá lẹ máa rí i.

CR2032, 3V, ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára. Kò wọ́n rárá ní Computer Village, Ìkẹjà. Ẹ yọ wáyà kúrò nídìí iná, ẹ fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà náà kẹ́ ẹ tó kan nǹkan inú rẹ̀. Ẹ rọra ti irin tó di bátìrì mú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ta sókè fúnra rẹ̀. Ẹ fi tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì + wà lókè, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe.

Tó bá ṣì ń ké píìpíì tójú rẹ̀ sì dúdú, ẹ tún yọ wáyà kúrò nídìí iná, ẹ yọ RAM (pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ìrántí kọ̀ǹpútà), ẹ nu ẹnu rẹ̀ tó ń wọ inú motherboard, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ta motherboard fún yín kẹ́ ẹ tó gbìyànjú èyí.