Ta ni bàbá onírùngbọ̀n tó wà lórí fífítì dọ́là?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Houston fún mi ní fífítì dọ́là nígbà tó wálé, mo wá rí orúkọ Grant lábẹ́ àwòrán bàbá onírùngbọ̀n kan. Wọ́n ní jẹ́nẹ́rà ni, ẹnì kan tún ní igi ìdáná ló ń tà tẹ́lẹ̀. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn ń fi mí ṣeré?
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni o, ó ta igi dáadáa. Ulysses S. Grant, Ohio ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1822, ó lọ iléèwé ṣọ́jà ní West Point, ó jagun Mẹ́síkò, àmọ́ nígbà tó di 1854 ó fiṣẹ́ ṣọ́jà sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń sọ ọ́ kiri pé ọtí ló fà á. Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Ó dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ St. Louis, oko ò mówó wọlé, ló bá ń la igi, ó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó o lọ tà nígboro, tòun ti ẹ̀wù ṣọ́jà ẹ̀ tó ti ṣá. Nígbà tí Kérésìmesì 1857 ku ọjọ́ méjì, ó fi aago góòlù ẹ̀ dógò, ó gba dọ́là 22.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Ẹrú kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ lásìkò yẹn, William Jones, ọwọ́ bàbá ìyàwó ẹ̀ ló ti gbà á. Ká ní ó tà á ni, owó ńlá ni ì bá rí, gbogbo gbèsè ẹ̀ á sì fúyẹ́. Oṣù kẹta 1859 ló lọ sí kóòtù lọ tú u sílẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Mi ò sọ pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́ o, torí ó ti ní ẹrú náà nìyẹn, àwọn ẹrú ilé àna ẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ ilé fún ìyàwó ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń fi aago dógò ló ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn wú mi lórí gan-an.

Nígbà tógun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1861, tí ìjọba ń bá àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó ń kó ẹrú jà, ṣọ́ọ̀bù awọ bàbá ẹ̀ ló wà nílùú Galena. Ló bá padà sídìí iṣẹ́ ṣọ́jà lọ́dọ̀ ìjọba. Ó gba Fort Donelson, ó gba Vicksburg lọ́wọ́ àwọn ará gúúsù, nígbà tó fi máa di 1864 Ààrẹ Lincoln ti fi gbogbo ṣọ́jà ìjọba sábẹ́ ẹ̀. Ní April 9, 1865, Lee, ọ̀gágun àwọn ará gúúsù, wá túúbá fún un ní Appomattox ní Virginia, Lee wọ aṣọ tuntun, ó gbé idà kọ́ ìbàdí, Grant ní tiẹ̀ wọ ẹ̀wù ṣọ́jà lásán, ẹrọ̀fọ̀ kún bàtà ẹ̀. Ó ní káwọn ọmọ ogun Lee máa mú ẹṣin àti ìbaaka wọn lọ sílé kí wọ́n lè rí nǹkan fi dáko, ó sì ní kí wọ́n fún wọn lóúnjẹ. Lójú tèmi, àgbẹ̀ tóko ti fìyà jẹ rí ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe jẹ́nẹ́rà.

Ó ṣe ààrẹ láti 1869 dé 1877, ó sì rán ṣọ́jà sáwọn Ku Klux Klan tó ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 1884, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò lù ú ní jìbìtì, owó tán pátápátá, jẹjẹrẹ tún mú un lọ́fun. Ó bá jókòó, ó ń kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ nínú ìrora káya ẹ̀ má baà tọrọ jẹ. Bó ṣe parí ẹ̀ ní July 1885, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi kú, ìyàwó ẹ̀ sì rí bíi 450,000 dọ́là lórí ìwé náà.