Àwòrán tí òkè rẹ̀ ṣófo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra àwòrán ńlá kan ní dọ́là 25 níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù bàbá arúgbó kan tó ṣaláìsí, níhìn-ín ní Chicago. Róbọ́ọ̀tì gbé obìnrin kan mọ́ra, obìnrin náà ń figbe ta. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀, òkè rẹ̀ sì ṣófo. Aládùúgbò mi ní ti èèpo magasíìnì àtijọ́ ni. Ṣé òótọ́ ni? Ó dọ̀tí gan-an, ṣé kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọṣẹ yẹn sílẹ̀. Òkè tó ṣófo yẹn ló jẹ́ kí n fura pé ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín lè jẹ́ òótọ́. Ayé ìgbà tí magasíìnì ìtàn olówó pọ́ọ́kú fi gbòde ní Amẹ́ríkà, ayàwòrán máa ń fi ààyè sílẹ̀ lókè fún orúkọ magasíìnì, atẹ̀wé ni yóò wá fi orúkọ náà sí i. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dà olóròóró lórí kánfáàsì, nǹkan bí ínṣì 30 ní gíga, ínṣì 20 ní fífẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún, ipa búrọ́ọ̀ṣì yóò yọ bí ebè oko. Bó bá jẹ́ títẹ̀ ni, dígí amú-nǹkan-tóbi yóò fi tótòtó aláwọ̀ wẹ́wẹ́ hàn yín.

Báwo ló ṣe dọ́dọ̀ bàbá? Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-iṣẹ́ tó tẹ magasíìnì ló ni àwòrán, bí wọ́n bá sì ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹrù ló dà. Wọ́n da ọ̀pọ̀ nù, wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní díẹ̀, àwọn ayàwòrán mìíràn sì kun òmíràn lé èyí tí wọ́n rí gbà padà. Orí tiẹ̀ bá àwọn ti ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ṣe díẹ̀, nítorí àwọn olólùfẹ́ wọn ń ta wọ́n ní gbàǹjo níbi àpéjọ ọdọọdún wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1939. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni bàbá ti rà á.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ńkọ́? Margaret Brundage, ọmọ Chicago yín níbẹ̀, tó yàwòrán èèpo fún magasíìnì ìtàn abàmì tó ń jẹ́ Weird Tales láti 1932, ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ló ń lò. Ìka lásán lè pa á rẹ́, ká má tíì sọ omi. Ti ọ̀dà olóròóró náà kò fẹ́ ọṣẹ. Onímọ̀ àtúnṣe àwòrán ni kó fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá èèpo tó bá a mu lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kọ orúkọ magasíìnì àti oṣù rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó dá owó lé e. Ẹ má sì jẹ́ kí oníférémù pààrọ̀ igi ẹ̀yìn rẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ yà á ní fọ́tò, bóyá wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nǹkan síbẹ̀.