Ìbéèrè yín, ìdáhùn wa: Bí AI ṣe lè pèsè dátà ìṣòwò fún ìdánwò sọ́ftíwíà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ń ṣe sọ́ftíwíà fún àwọn alágbàtà tó ń kó ohun mímu oníkíréètì fún àwọn onísọ́ọ̀bù, lówó àti láwìn. Ọ̀gá wa ní ká mú ìwé àwọn oníbàárà gidi, ká yí orúkọ wọn padà, ká fi dán an wò. Mo wá ní kí AI kọ 10,000 ìlà títà. Kò pẹ́ tó fi ń pe orúkọ kan náà léraléra, owó ínfọ́ìsì kò sì bá àròpọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Kí ni ká ṣe? (Olùkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ bá wa bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n fi ìwé gidi sílẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ yí orúkọ padà, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò ṣọ́ọ̀bù àti ọjọ́ tí wọ́n rajà ṣì lè tú àṣírí ẹni náà. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ohunkóhun tí a lè tipasẹ̀ rẹ̀ dá ènìyàn mọ̀ sí dátà ara ẹni.

Ní ti AI, iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lẹ gbé fún un. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀lé èyí tó ṣáájú ló ń wá, kì í to owó pọ̀ bí akọ̀wé owó. Ẹ má ní kó kọ ìlà títà. Ẹ ní kó fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ètò tí yóò máa pèsè ìlà náà.

Ẹ lo ẹ̀jẹ́ǹtì méjì, ìyẹn AI tí a yan iṣẹ́ kan pàtó fún. Ẹ fún ẹ̀jẹ́ǹtì àkọ́kọ́, tí yóò kọ ètò náà, ní àpèjúwe gbogbo tébù àti òfin ọjà yín. Oníbàárà àti ọjà ni kó kọ́kọ́ ṣe, kó tó kan ínfọ́ìsì, kó tó kan owó tó wọlé. Bí kò bá tò ó báyìí, ẹ ó rí ínfọ́ìsì tí kò ní oníbàárà. Fún ìbẹ̀rẹ̀, 300 oníbàárà, 40 irú ọjà àti oṣù 12 tó. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà díẹ̀ máa ra púpọ̀, kí ọjọ́ Àìkú dákẹ́, kí Oṣù Kejìlá gbóná, kí àwọn kan san gbèsè díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún bèèrè ọ̀rọ̀ kíréètì òfo lọ́wọ́ alágbàtà fúnra rẹ̀. Onísọ́ọ̀bù lè dá òfo padà ju èyí tó gbà lọ́dọ̀ yín lọ, torí pé ó ti rà á níbòmíràn. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, AI á gbà pé iye tó lọ ni iye tó ń bọ̀.

Ẹ fi nọ́ńbà seed kan (nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ tí ètò fi ń yan nǹkan bí ẹni ń ṣẹ́ kèké) sínú ètò náà, kí dátà tó jáde lónìí lè jáde bákan náà lọ́la. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe tí ẹ bá rí lè má ṣeé rí mọ́. Ọjọ́ tí dátà parí sí pẹ̀lú, ẹ kọ ọ́ ní pàtó. Ètò tó bá ń bèèrè pé "ọjọ́ wo ni òní?" á ba iṣẹ́ seed jẹ́.

Ẹ̀jẹ́ǹtì kejì ni olùyẹ̀wò. Ẹ má fi ètò tí èkíní kọ hàn án, torí ó lè gba àṣìṣe rẹ̀ gbọ́. Òfin ọjà nìkan ni kẹ́ ẹ fún un, kó fi kọ ìbéèrè SQL (èdè tí a fi ń wá nǹkan nínú àkójọ dátà) tí kò gbọ́dọ̀ mú ìlà kankan wá bí dátà bá tọ́: owó tó ṣáájú ínfọ́ìsì rẹ̀, sísan tó ju gbèsè lọ. Bí ìlà kan bá yọ, ètò ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tún dátà ṣe á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí wọ́n bá tún pèsè rẹ̀.

Ìbéèrè: Gbogbo ìdánwò wa yege, ṣùgbọ́n lọ́jà gidi VAT ń fi kọ́bọ̀ kan yàtọ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ó jọ pé gbogbo iye owó inú dátà yín ló parí sí 000, bí AI ṣe fẹ́ràn láti máa kọ ọ́. Ẹ fi ọjà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦1,333 dán an wò. VAT 7.5% lórí ọ̀kan jẹ́ 99.975, tó di 99.98; mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦299.94. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ lórí àpapọ̀ ₦3,999, 299.925 ló jẹ́, tó di ₦299.93. Ẹ mú ọ̀nà kan, kẹ́ ẹ lò ó níbi gbogbo. Kọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ fi tọ́jú owó, ní nọ́ńbà odidi.

Ìbéèrè: Sọ́ftíwíà wa ń kọ̀ láti gba nọ́ńbà àkáǹtì tí AI ṣe. Ó sì ń rí oníbàárà kan bí ẹni méjì. (Olùkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Nọ́ńbà ìkẹwàá nínú NUBAN, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì báńkì Nàìjíríà, kì í ṣe èyí tó kàn wuni, ìṣirò ló ń gbé e jáde. Ẹ to kóòdù báńkì oní nọ́ńbà mẹ́ta àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ pọ̀, kẹ́ ẹ fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ léraléra, kẹ́ ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ yọ nọ́ńbà ìparí àròpọ̀ náà kúrò nínú 10. Bí ó bá ku 10, òdo ni. Ká ní kóòdù jẹ́ 999, tí mẹ́sàn-án náà sì jẹ́ 000000002: àròpọ̀ jẹ́ 123, nítorí náà 7 ló gbẹ̀yìn, àkáǹtì sì di 0000000027. Nọ́ńbà tó bá tọ́ báyìí lè jẹ́ ti ẹnì kan lóòótọ́, nítorí náà ẹ gé okùn tó so kọ̀ǹpútà ìdánwò mọ́ báńkì àti SMS. Fún ímeèlì, example.com ni kẹ́ ẹ lò. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún irú èyí.

Oníbàárà tó di méjì, ẹ wo àmì ohùn. Ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú "ọ̀", ojú kò sì lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ẹ yí gbogbo orúkọ sí NFC, ìlànà tó ń sọ gbogbo ọ̀nà náà di ọ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra. Kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ fi irú rẹ̀ sínú dátà: Ṣọlá àti Sola pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù kan náà, Olúwafúnmiláyọ̀ tó gùn, nọ́ńbà 0803 tí Excel ti gé òdo iwájú rẹ̀. AI kì í fi ìdọ̀tí sí i àfi tí ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sì sọ iye tí ẹ fẹ́, bí ìlà 2 nínú 100.

Ìbéèrè: Ìlà mélòó ló tó?

Ìdáhùn: 200 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pèsè, kẹ́ ẹ fi ojú yín kà á tán pẹ̀lú ẹni tó mọ ọjà náà. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó máa pèsè iye tí iléeṣẹ́ ń tà lọ́dún kan. Dátà tí a fi ń wo bí sọ́ftíwíà ṣe yá tó, ẹ ṣe é lọ́tọ̀.