Ọmọ ń jẹun yó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, màmá. Ẹ ní ọmọ yín tó wà ní kíláàsì kẹta ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ ó ń sùn ní kíláàsì, ẹ sì ń béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ lè rà fún un. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wò: tí inú rẹ̀ kò bá pupa, ẹ gbé e lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìrẹsì tí a kò tíì sè ni ọmọ tèmi máa ń rún lẹ́nu. Ìyá ọkọ mi ní aràn ni, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìdí, torí aràn kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Nígbà tá a dé ọsibítù, PCV rẹ̀ (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára) jẹ́ 26, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún 5 sí 11 kò yẹ kó wá sílẹ̀ ju 34 lọ. Wọ́n yẹ ibà àti jẹ́nótáìpù wò, wọ́n fún un ní oògùn aràn àti ti ẹ̀jẹ̀.

Abọ́ oúnjẹ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹ̀bà àti ìrẹsì ń yó èèyàn, ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀. Níbí ní Ẹ̀pẹ́, ẹja ńlá ni gbogbo èèyàn ń ná lọ́jà Olúwo. Èmi, ẹja wẹ́wẹ́ yíyan ni mo ń rà. Mo máa ń gún un mọ́ edé, tegungun-tegungun, títí á fi kúnná. Ṣíbí kan nínú ẹ̀wà rẹ̀, òmíràn nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹja lòun ń jẹ (ó kórìíra ẹja, ọmọ Ẹ̀pẹ́!). Mo máa ń rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí n tó da omi rẹ̀ nù. Tó bá jẹun tán, ọsàn ló kàn, torí òun ló ń jẹ́ kí ara gba iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Tíì ò gbọdọ̀ bá oúnjẹ rìn, ì báà ṣe ti ewé, ì báà ṣe ti kòkó. Ó ń dí iron yẹn lọ́nà. Epo pupa náà, ẹ má dáná sí i títí á fi funfun bíi ti ọbẹ̀ Ọ̀fadà, fítámì A rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Tí wọ́n bá fún ọmọ yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ á dúdú, ẹ má jáyà. Àmọ́ ẹ gbé ìgò yẹn síbi tọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ kò ti ní tó o. Ó dùn lẹ́nu, àpọ̀jù rẹ̀ sì lè pa ọmọdé.