Tọ́ọ̀ṣì UV kì í sọ ọjọ́ orí Burmese

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní fáàsì Burmese, gíláàsì aláwọ̀ méjì yẹn, tẹ́ ẹ rí lọ́jà tàn yòò bí ewé tútù nígbà tẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì UV sí i, ẹni tó ń tà á sì ń búra pé láyé Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tọwọ́ bàpò. Bí kò bá tàn, Burmese àtijọ́ kọ́ nìyẹn, ẹjọ́ ti parí. Àmọ́ bó bá tàn, kò tíì sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀ fún yín.

Uranium, èròjà kan tí wọ́n pò mọ́ gíláàsì náà, ló ń tàn yẹn. Nígbà tí Frederick Shirley gba àṣẹ lórí gíláàsì yìí lọ́dún 1885, nílé iṣẹ́ Mount Washington ní Massachusetts, l'Amẹ́ríkà, uranium àti wúrà ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Uranium ló jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí ìyeyè. Wúrà ní tiẹ̀ máa ń fara pamọ́ ni, àfi bí wọ́n bá dá ẹnu fáàsì padà sínú iná. Ibi tí iná bá tún rà ni yóò pọ́n bí inú gúáfà. Ilé iṣẹ́ Thomas Webb gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1886, wọ́n ń ṣe tiwọn ní Stourbridge, ní England níbí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1970, ilé iṣẹ́ Fenton ní West Virginia, l'Amẹ́ríkà, náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Burmese, wúrà àti uranium kan náà ni. Tuntun ń tàn, ògbólógbòó ń tàn.

£180 ni mo fi mọ èyí. Ní car boot kan ni, ọjà tí wọ́n ti ń ta àlòkù látẹ̀yìn ọkọ̀, òjò ń ṣẹ́ wíníwíní, bàbá òyìnbó kan ń sọ ìtàn ìyá ìyá rẹ̀ fún mi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, orí mi wú. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ìyá kan tó ti pẹ́ nídìí òwò yìí tó dojú rẹ̀ dé. Kò wo àwọ̀ rárá. Ó fi àtàǹpàkò pa ìdí rẹ̀ títí, ó ní, "Kí ni wọ́n họ kúrò níbí?" Gbogbo ara fáàsì náà kò dán, bí èèpo ẹyin ló rí, àmọ́ ibì kan wà nídìí rẹ̀, kò ju èékánná lọ, tó ń dán, tó sì tẹ̀ wọnú díẹ̀. Irú ibẹ̀ ni Fenton máa ń tẹ orúkọ wọn sí. Ẹnì kan ti lọ̀ ọ́ dànù.

Ìdí ni kẹ́ ẹ wò. Ohun tó ti jókòó lórí tábìlì fún ọgọ́rùn-ún ọdún á ní ìlà wẹ́wẹ́ níbi tó ti ń fara kan tábìlì, èyí lọ síhìn-ín, èyí lọ sọ́hùn-ún. Bí gbogbo ìlà bá dojú kọ ibì kan náà, sánpépà ni wọ́n fi họ ọ́ kó lè jọ ògbólógbòó. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò pẹ̀lú: ti àtijọ́ sábà máa ń fẹ́lẹ́, ó sì fúyẹ́. Ti Webb mìíràn ní òǹtẹ̀ "Queen's Burmese", ṣùgbọ́n òmíràn ò ní, ẹ má torí ìyẹn kọ èyí tó dáa.

Fáàsì tèmi ṣì wà ní pálọ̀, bírò ni ìyàwó mi kó sínú ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ìdí tiyín wá kẹ́ ẹ tó sanwó.