Ìbéèrè Yín Lórí Ẹran Tí Amẹ́ríkà Ń Kó Lọ Sókè Òkun: Títà Kì Í Ṣe Kíkó

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Ilé-iṣẹ́ Ètò Ọ̀gbìn Amẹ́ríkà (USDA) ń gbé ìròyìn jáde lórí iye ẹran màlúù àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà tà fún òkèèrè, àti iye tí wọ́n kó jáde. Àwọn òǹkàwé tó ń tẹ̀ lé ìròyìn náà kọ̀wé sí wa nípa ohun tó rú wọn lójú. Ìdáhùn wa nìyí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Nínú ìròyìn kan náà ni wọ́n ti ní àwọn ta iye báyìí fún Jàpáánù, tí wọ́n tún ní iye mìíràn ni àwọn kó lọ síbẹ̀. Èwo ni kí n gbà?

Ẹ gba méjèèjì, àmọ́ ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Títà ni àdéhùn: olùrà àti olùtà ti fohùn ṣọ̀kan lórí irú ẹran, iye rẹ̀ àti owó rẹ̀. Ẹran ọ̀hún lè má tíì kúrò nínú yàrá yìnyín, kódà màlúù náà lè ṣì máa jẹun lọ́wọ́. Kíkó ni ti ẹran tó ti fi ilẹ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Iye kẹta tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò, òun sì ni àwa kọ́kọ́ máa ń wò: ẹran tí wọ́n ti tà tí wọn ò tíì kó. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹran tó kù láti kó.

Bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí rèé, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní ẹran màlúù tó kù láti kó ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá jẹ́ tọ́ọ̀nù 90,000. Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n tún ta 17,000, àwọn olùrà sì fagi lé 3,000 nínú àdéhùn àtijọ́. 14,000 ni ìròyìn máa kọ sí abẹ́ títà, torí pé wọ́n ti máa ń yọ ìfagilé kúrò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá kó 16,000 jáde, ẹran tó kù láti kó á di 90,000, ká fi 14,000 kún un, ká yọ 16,000 kúrò: 88,000. Ẹ máa ṣe ìṣirò yìí fúnra yín. Bí tiyín àti ti ìròyìn ò bá bára mu, àtúnṣe ti wọ inú iye ọ̀sẹ̀ àtẹ̀yìnwá nìyẹn, kò sì dára kí ẹ kọ ọ́ bíi pé ọjà ọ̀sẹ̀ yìí ló yí padà.

Nǹkan kan tó máa ń ṣi àwọn tuntun lọ́nà: bí wọ́n bá kọ pé Jàpáánù ra 4,000, "títí kan àdínkù 400", wọ́n ti yọ 400 yẹn kúrò nínú 4,000. Àdéhùn tuntun tó wọlé gan-an jẹ́ 4,400. Ẹ má tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Títà ń sọ ohun tó wà lọ́kàn olùrà. Kíkó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí títà bá ń pọ̀ tí kíkó ò sì kúrò lójú kan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún mẹ́fà, ẹ wo èbúté, ẹ wo kọ̀ńténà, ẹ wo ìwé àṣẹ orílẹ̀-èdè tó ń rà. Bí kíkó bá ń lọ déédéé ṣùgbọ́n tí ẹran tó kù láti kó ń fà sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àdéhùn àtijọ́ ni wọ́n ń jẹ tán. Kíkó á wálẹ̀ láìpẹ́.

Ìròyìn ní títà ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, síbẹ̀ owó ẹlẹ́dẹ̀ ò já lọ́jà ẹran ọ̀sìn Chicago. Kí ló dé?

Igi kan kì í dá igbó ṣe, ọ̀sẹ̀ kan náà ò sì lè dá sọ ibi tí ọjà ń lọ. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léra wọn, títà jẹ́ tọ́ọ̀nù 12,000, lẹ́yìn náà 18,000, lẹ́yìn náà 11,000, lẹ́yìn náà 19,000. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 15,000. Bí tọ̀sẹ̀ yìí bá jẹ́ 14,000, ó fi ìdá 26 dín sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àmọ́ ìdá 7 péré ló fi dín sí ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àkọlé burúkú ló wà nínú iye àkọ́kọ́, òótọ́ ló wà nínú ìkejì. Ìròyìn máa ń fún yín ní méjèèjì nínú gbólóhùn kan náà. Ìkejì ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń mú kí títà máa fò sókè sódò ò ju pé olùrà ńlá kan lè buwọ́ lu àdéhùn oṣù mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó má sì tún ra nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Kíkó kì í fò tó bẹ́ẹ̀, torí ibi tí ọkọ̀ lè kó dé ní ààlà. Kọ̀ńténà oníyìnyín ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 kì í kó ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 25 ẹran lọ. Tọ́ọ̀nù 16,000 á tó kọ̀ńténà 640, kò sì sí ẹni tó lè rí ìlọ́po méjì irú iye bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ méje.

Ẹ tún fi ọdún ìsinmi sọ́kàn. Bí Ọdún Tuntun àwọn ará Ṣáínà bá ti ń sún mọ́lé, àdéhùn láti Éṣíà máa ń fà sẹ́yìn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ yẹn wé irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, kí ẹ sì rántí pé ọjọ́ ọdún náà kì í bọ́ sí ibì kan náà lórí kàlẹ́ńdà.

Mo ro iye kíkó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pọ̀, kò bá iye oṣù tí wọ́n gbé jáde mu rárá. Ta ló ń parọ́?

Kò sí ẹni tó ń parọ́. Ẹran ara nìkan ló wà nínú ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: èyí tó tútù tí kò dì àti èyí tó dì. Ahọ́n, ẹ̀dọ̀, ṣàkì, ọkàn, ẹsẹ̀ àti ìfun kò sí níbẹ̀, sọ́séèjì àti ẹran inú agolo náà kò sí. Àkọsílẹ̀ oṣooṣù ti àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà, tí U.S. Meat Export Federation (ẹgbẹ́ tó ń polówó ẹran Amẹ́ríkà lókè òkun) máa ń tú palẹ̀, ń ka ìwọ̀nyí mọ́ ọn. Kì í ṣe nǹkan kékeré, torí ahọ́n màlúù tó ń lọ sí Jàpáánù nìkan ti tó òwò lọ́tọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, oṣù kì í parí lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ parí.

Bí ẹ bá tún lọ wo iye tí ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé USDA ń tẹ̀, pọ́n-ùn ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń sọ ẹran di ìwọ̀n òkú ẹran lódindi. Kílò kan ẹran màlúù tí kò ní egungun á di kílò kan àti díẹ̀ lé ní ìdá mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má ṣe fi àkọsílẹ̀ mẹ́ta yìí sínú tábìlì kan náà láìṣe ìyípadà.

Ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í sọ nípa owó. Ó sì ṣe pàtàkì. Lọ́dún 2024, Amẹ́ríkà kó ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó mílíọ̀nù 3.03 tọ́ọ̀nù lọ sókè òkun, ó pa bílíọ̀nù 8.63 dọ́là. Ẹran màlúù ò ju mílíọ̀nù 1.29 lọ, síbẹ̀ bílíọ̀nù 10.45 ló pa. Ẹ pín in: tọ́ọ̀nù kan ẹran màlúù lé díẹ̀ ní 8,000 dọ́là, ti ẹlẹ́dẹ̀ ò tó 3,000. Ìdínkù 1,000 tọ́ọ̀nù ò wúwo bákan náà fún àwọn méjèèjì.

Ṣé òótọ́ ni pé títà lè bọ́ sísàlẹ̀ òdo?

Òótọ́ ni. Bí ìfagilé bá ju àdéhùn tuntun lọ, wọ́n á fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀. Ìparí Oṣù Kejìlá ló wọ́pọ̀ jù, torí ọdún ọjà ẹran bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìn-ín-ní, ó sì parí ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá. Ẹran ọdún tó ń parí tí wọn ò bá tíì kó, wọ́n á gbé e wọ ọdún tuntun. Kì í ṣe títà tuntun, bó ti wù kí ẹran tó kù láti kó tóbi tó lóṣù Kìn-ín-ní.

Orílẹ̀-èdè wo ló yẹ kí n máa ṣọ́, kí ló sì máa ń mú kí iye wọn yí lójijì?

Fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Mẹ́síkò, òun ni olùrà tó tóbi jù. Itan ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣì ní egungun ló ń rà jù. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé e kọjá ààlà, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 19 lẹ́ẹ̀kan, torí náà ohun tí wọ́n tà máa ń di kíkó kíákíá. Bí títà fún Mẹ́síkò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kíkó á ti rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ti Éṣíà ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran dídì tí wọ́n tọ́jú sí −18°C lè dúró de ọkọ̀ òkun, torí náà àdéhùn ibẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ìwé. Ẹran tútù tí kò dì, tí wọ́n ń tọ́jú sí nǹkan bíi −1.5°C, ò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni Jàpáánù ń rà púpọ̀ nínú ẹran ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀. Gúúsù Kòríà àti Kòlóńbíà náà wà lára olùrà gidi.

Fún ẹran màlúù, Gúúsù Kòríà àti Jàpáánù ló máa ń ṣíwájú. Kòríà fẹ́ràn ẹran ìhà. Jàpáánù ń ra ẹran abẹ́ àyà ọlọ́ràá tí wọ́n máa ń gé pẹlẹbẹ sórí ìrẹsì. Mẹ́síkò àti Taiwan tẹ̀ lé wọn.

Nípa ohun tó ń yí iye lójijì, owó ibodè la ó kọ́kọ́ mú. Ti Kòríà lórí ẹran màlúù jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kí àdéhùn òwò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012. Ó ń dín lọ́dọọdún lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọdún, ó sì di òfo lọ́dún 2026. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà yẹn kí oníṣòwò Kòríà dúró de Oṣù Kìn-ín-ní kó tó gba ẹran rẹ̀ ní ibodè. Ní báyìí, kò sí ìdí fún un mọ́, nítorí náà ẹni tó bá ń fi Oṣù Kejìlá àwọn ọdún àtijọ́ ṣe òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ tún un rò. Ti Jàpáánù ń dín ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹrin, ó sì ní ìdènà kan: bí ẹran bá wọlé ju iye tí wọ́n fọwọ́ sí lọ, owó ibodè á fò sókè. Ó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 2021, ó kúrò ní ìdá 25.8 bọ́ sí 38.5 fún ọgbọ̀n ọjọ́. Mẹ́síkò náà ti gbé ìdá 20 lé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ Amẹ́ríkà rí, lóṣù Keje ọdún 2018, nígbà ìjà owó ibodè lórí irin. Ó mú un kúrò lóṣù Karùn-ún ọdún 2019.

Ìwé àṣẹ ilé ìpẹran ló le jù, torí kì í dín ọjà kù, ńṣe ló ń ti ilẹ̀kùn. Ìforúkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìpẹran màlúù Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ Ṣáínà parí ní ọjọ́ 16 Oṣù Kẹta ọdún 2025 láìtún un ṣe. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ máa retí rẹ̀ báyìí nínú ìwé: títà tuntun á kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, ìfagilé á tẹ̀ lé e, kíkó á wá gbẹ gbẹ̀yìn. Kíkó kì í gbẹ lọ́jọ́ kan náà torí ẹran tó wà lójú ọ̀nà.

Àìsàn ẹran náà kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Màlúù kan tó ní àrùn wèrè màlúù ní ìpínlẹ̀ Washington lóṣù Kejìlá ọdún 2003 ló ti ọjà Jàpáánù àti Kòríà pa. Nígbà míì, àìsàn ẹlòmíràn ló ń ṣílẹ̀kùn: àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ Ṣáínà lóṣù Kẹjọ ọdún 2018 ló jẹ́ kí wọ́n ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ Amẹ́ríkà rẹpẹtẹ lọ́dún 2020.

Ẹ má sì di gbogbo ẹ̀bi ru olùrà. Màlúù tó wà ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 jẹ́ mílíọ̀nù 86.7, iye tó kéré jù láti ọdún 1951. Ẹran ò pọ̀, owó rẹ̀ gòkè, ará ilé sì ń rà á. Bí kíkó ẹran màlúù bá ń wálẹ̀ sí orílẹ̀-èdè gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, inú ilé Amẹ́ríkà ni kí ẹ wá ìdí rẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo, ẹ lọ wo ibẹ̀.

Ọjọ́ wo gan-an ló ń jáde, ṣé a sì lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí àwọn oníṣòwò fẹnu ara wọn sọ?

Ọjọ́bọ̀, aago 8:30 òwúrọ̀ ti Washington, wákàtí kan kí ọjà ẹran ọ̀sìn tó ṣí ní Chicago. Ọ̀sẹ̀ tó parí ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, torí náà ohun tí ẹ ń kà ti pé ọjọ́ méje. Bí ìsinmi ìjọba bá bọ́ sáàárín ọ̀sẹ̀, ó lè di Ọjọ́ Ẹtì.

Òfin ló ń mú kí wọ́n sọ òótọ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti jábọ̀ lè san ìtanràn tó 25,000 dọ́là tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973 nítorí ọkà, lẹ́yìn tí Soviet ra ọkà Amẹ́ríkà rẹpẹtẹ lọ́dún 1972 láìjẹ́ pé ará ọjà tètè mọ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ò wọ inú rẹ̀ títí di ọdún 2013, torí náà ẹ má ṣe wá iye ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

Àmọ́ ẹ̀rọ lè ṣàṣìṣe. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2022, wọ́n lo ẹ̀rọ tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́, iye tó gbé jáde ò tọ́, wọ́n fà á padà, wọ́n sì tún lọ lo ti àtijọ́. Bí ìjọba àpapọ̀ bá sì ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa, bíi ti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 12 Oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìròyìn á dáwọ́ dúró, ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan á sì wá máa dé lẹ́yìn náà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ ọ̀hún parí ni kí ẹ fi tò wọ́n nígbà náà, ẹ má fi ọjọ́ tí ìròyìn jáde tò wọ́n. Bí ẹ bá ń ka ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ rí i dájú pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ léra wọn ló wà nínú rẹ̀.